Ihò Kẹjọ

"Ṣé inú ihò kẹjọ lo ti bu èyí?"

Ìgò erùpẹ̀ méjì ni màmá mi gbé sókè síwájú oòrùn bí wọ́n ṣe ń bi mí. Pupa ni erùpẹ̀ inú méjèèjì, pupa kan náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Wọ́n gbójú kúrò lára ìgò, wọ́n wojú mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó gbogbo ìgò sínú àpótí.

Iṣẹ́ màmá mi ni láti yẹ ilẹ̀ wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sí i. Àwọn tó ń tú bátìrì mọ́tò palẹ̀ ló ti lo ilẹ̀ tí a wà lọ́jọ́ yẹn rí, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn onílé sì fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń wá ìwé-ẹ̀rí pé ilé náà kò pa ènìyàn tàbí àyíká lára, ìwé yẹn kò sì lè jáde láìsí ìbuwọ́lù màmá mi. Màmá gbẹ́ ihò mẹ́jọ, wọ́n ní kí n bu erùpẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, kí n sì kọ nọ́ńbà sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti wà lẹ́nu géètì, wọ́n ń pè mí ní "Ìyá Oníyẹ̀pẹ̀", wọ́n ní bí n kò bá tètè jáde, àwọn á fi mí sílẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ògiri tó ti wó ni ihò kẹjọ wà, ẹ̀gún sì yí i ká. Mo bu erùpẹ̀ ihò keje lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ "8" sára ìgò kejì, mo sì ṣe bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Èsì àyẹ̀wò jáde, kò sí àlébù. Ilé náà dìde, ó rẹwà. Iná oòrùn ló ń lò, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ògiri nínú gíláàsì. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí ihò kẹjọ wà gan-an, ni wọ́n ṣe ọgbà ẹ̀fọ́ àwọn ọmọdé sí.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n là ń pè é, torí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tó fi ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó lo ọdún kan níbẹ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, oúnjẹ kò wù ú mọ́, ó sì ń gbàgbé òǹkà díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní òjé, irin olóró inú bátìrì, ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá mìíràn náà ní in. Nígbà tí màmá tún ihò kẹjọ gbẹ́, erùpẹ̀ dúdú bí èédú ló jáde. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Màmá kò nà mí. "Mo rí i pé àwọ̀ wọn jọra jù," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo sọ ọ́. Mo gba ẹnu rẹ gbọ́ ju ojú mi lọ."

Wọ́n kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn ló jẹ̀bi, torí àwọn ló buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí náà. Wọn kò dárúkọ mi. Ìjọba gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àpótí ìgò wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi sì máa ń bàjẹ́ bí mo bá ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fi iṣẹ́ tí wọ́n fọkàn tán yín fún ṣeré, ẹ má sì parọ́ fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu yín. "Bẹ́ẹ̀ ni" tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ méjìlá ló ń jìyà rẹ̀.

Àbúrò mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Lọ́sàn-án ojoojúmọ́, mo máa ń kọ́ ọ ní òǹkà. Bó bá ti dé ogún, á gbàgbé èyí tó kàn, á máa wojú mi, torí ohunkóhun tí mo bá sọ ló máa gbà.