Kí Láàpútọ́ọ̀pù Bàbá Tó Jí

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ síta lábẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ìbọ̀sẹ̀ kan dúdú, èkejì aláwọ̀ ewé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wò, ó rí ọkùnrin kan tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, tó ń ka lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ láàpútọ́ọ̀pù kan tó yọ díẹ̀ létí tábìlì.

"Ṣé kò ṣeé dojú dé ni?" ó bi í.

Ọkùnrin náà yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò fẹ́ dà á láàmú. Ẹ kú ọ̀sán o."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà láìròtẹ́lẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tó gbé sábẹ́ apá, ti bàbá rẹ̀ ni. Bàbá Tíṣà, olórí ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti ń kọ ìwé ìṣirò àwọn ọmọdé sínú rẹ̀ fún ọdún méje. Ìwé kọ́ ni ìṣòro, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí fláàṣì. Ìyá ọmọ yìí ló ra láàpútọ́ọ̀pù náà fún ọkọ rẹ̀ lọ́dún tí ìyá náà kú, òun sì ni ẹ̀bùn ìkẹyìn tó fún un. Ní báyìí, fáànù inú rẹ̀ kì í fẹ́ mọ́. Á gbóná bí áyọ́ọ̀nù, á sì kú lójijì.

Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. "Fáànù ò bàjẹ́. Ohun tó ń pàṣẹ fún un ló ti gbó. Báyọ́ọ̀sì là ń pè é, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà kí ìyókù ara rẹ̀ tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti gbé tuntun jáde, mo máa fi rọ́pò èyí."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, tàbí tí mo bá ṣèèṣì fi ti láàpútọ́ọ̀pù mìíràn sí i, ó lè má jí mọ́ láé."

Ọmọbìnrin náà jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àga lọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà ládùúgbò, orúkọ náà sì bá a mu. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní bátìrì kò tíì kún, kí ọmọbìnrin náà padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà kan ti pa rẹ́ nínú nọ́ńbà tó wà lábẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, tó ń sọ irú báyọ́ọ̀sì tó bá a mu, kò sì fẹ́ méfò. Ó ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

"Mo ti méfò rí," ó sọ, kò wò ó lójú. "Ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ni. Kò jí mọ́. Mo ra òmíràn fún un o, ṣùgbọ́n títí dòní, tí mo bá rí i lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ni mo máa ń gbà."

Ilé oògùn ni ọmọbìnrin náà ń bá ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ka orúkọ oògùn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé e fún aláìsàn. Ẹni tó ń bẹ̀rù àṣìṣe kì í ṣe àjèjì sí i. Ó bá a jókòó títí ilé oògùn fi pè é. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà mú ọsàn méjì dání wá. Ọkùnrin náà tún ní kí ó padà wá lọ́la, kò sọ ìdí.

Ṣùgbọ́n inú ilé kò rọgbọ. "Ṣé ó ń tún un ṣe ni, àbí ó ti fi ṣe aya?" Bàbá Tíṣà fi ìbínú béèrè. Ọmọ rẹ̀ ti ń fura pé láàpútọ́ọ̀pù kọ́ ni ọkùnrin náà fẹ́ fi ṣe aya.

Lọ́jọ́ kẹrin ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé. "Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, sọ òótọ́ fún mi. Kí ló ṣe é lánàá?"

Ọkùnrin náà gbé súkúrúdíréfà kalẹ̀. "Kò sí nǹkan kan. Èsì ti dé, bátìrì ti kún. Mo kàn mọ̀ pé tí mo bá ti ṣe é tán, o ò ní wá mọ́."

Inú bí i, inú rẹ̀ sì tún dùn, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sọ. "Bàbá mi ò lè jẹun nítorí nǹkan yìí!"

"Mo ṣe àìdáa. Má bínú, ọ̀wọ́n."

Ọmọbìnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí kò fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tó fẹ́ kó pẹ́. Bàbá Tíṣà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú. "Kó gbé e wá síbí, kó wá ṣe é lójú mi. Tó bá kú, ọ̀rọ̀ yín kú nìyẹn. Mi ò fẹ́ gbúròó rẹ̀ nínú ilé yìí mọ́."

Ní àárọ̀ Sátidé, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù sórí tábìlì, ó ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mẹta. "Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án," ó sọ. Ó tẹ bọ́tìnì kan.

Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú láàpútọ́ọ̀pù. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá ọgbọ̀n. Bàbá Tíṣà kò lè jókòó, ó ń rìn sókè sódò. Ogójì ọdún ló fi ń yí ká kíláàsì nírọ̀lẹ́, tó ń pa gbogbo iná tí ẹnikẹ́ni kò lò. Nígbà tí ìlà náà dé ìdá ọgọ́ta, ó kọjá létí ògiri, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì pa sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Iná ṣájà kú. Ọmọbìnrin náà rí i. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ náà rí i. Ó dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó tàn án padà, ó jókòó.

Ìlà náà rìn títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà, ojú láàpútọ́ọ̀pù ṣókùnkùn biribiri.

Ìṣẹ́jú kan lọ. Méjì. Bàbá Tíṣà wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo pa á?"

"Bátìrì kún, sà. Ẹ jẹ́ ká dúró."

"Tí kò bá jí ńkọ́?"

"Tí kò bá jí, ẹ̀bi mi ni. Inú ilé yín ni mo ti wá ṣiṣẹ́, èmi ló yẹ kí n ṣọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì."

Omi lé sójú ọmọbìnrin náà. Ó mọ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ pàdánù, ó sì rí i pé òun náà mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́jú kẹta. Ohun kan dún fíì nínú láàpútọ́ọ̀pù. Fáànù ni. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúkọ Bàbá Tíṣà sì yọ gedegbe.

Bàbá Tíṣà gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. "O rí i pé èmi ni mo pa iná," ó sọ níkẹyìn. "Kí ló dé tí o fẹ́ gbà á sọ́rùn?"

"Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀, sà. Tí mo bá dójú tì yín níwájú rẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi máa wò ó nínú ilé wa?"

"Ilé ta ni?"

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ tètè dọ̀bálẹ̀. "Ẹ... ẹ má bínú, sà. Mi ò tíì bi í."

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ bi í? Àbí bátìrì tìẹ náà ò tíì kún?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ṣé wàá..."

"Màá fẹ́ ẹ," ó dáhùn.

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán."

"Mo mọ̀. Tí mo bá ní kí n dúró dè ọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni."

Bàbá Tíṣà fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wọ yàrá. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún, tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé pé ọmọ wọn ti rí ọkọ.