Mọ́pẹ́ Fọwọ́ sí I Kó Tó Béèrè

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù kìíní ọdún 2026, Gerry wọ yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì, ó gbé kéèkì lọ́wọ́ kan, ó di pépà mú lọ́wọ́ kejì. Òun ni ọ̀gá ilé ìfọṣọ kan ní Finglas, àdúgbò kan ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mọ́pẹ́ Adéjùmọ̀ ló pẹ́ jù nínú wọn. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé, ohun tó bá sì sọ ni àwọn tó kù máa ń tẹ̀ lé.

"Ẹ kú ọdún o," Gerry ní. "Ẹ̀kúnwó tí ẹ gbọ́ pé ìjọba kéde, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ló wà fún. Àwa tí a ti jọ wà tipẹ́, àdéhùn tiwa la ní. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé owó ọdún tó kọjá tẹ́ yín lọ́rùn. Kó tó di Fráídè, ẹ jọ̀ọ́."

Mọ́pẹ́ fẹ́ràn Gerry. Lọ́dún tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ò ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Kò tilẹ̀ ka pépà náà parí. Ó gba báírò, ó fọwọ́ sí i, ó sì mú kéèkì.

"Àǹtí Mọ́pẹ́, ṣé kò séwu níbẹ̀?" Bísí béèrè. Kò tíì pé ọdún méjì tí Bísí dé ibẹ̀.

"Ewu wo? Gerry mà ni! Ó máa rẹ́ wa jẹ ni? Fọwọ́ sí i jàre."

Bísí rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun tutù, ó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣíwọ́, obìnrin méje ti fọwọ́ sí i.

Nígbà tí Mọ́pẹ́ dé ilé ní Mulhuddart, ọmọ rẹ̀ Ìdùnnúolúwa ń dín dòdò. Dublin ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ló sì ń ṣe ní ọ́fíìsì kan. Yorùbá rẹ̀ máa ń dà bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó bọ́. Mọ́pẹ́ ròyìn ọ̀rọ̀ kéèkì àti pépà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìdùnnúolúwa pa iná.

"Mọ́mì, ẹ sign kíní? Kò grand o. Kò dáa rárá!"

"Kí ló dé?"

"Owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹni tó ti pé ogún ọdún, yúrò mẹ́tàlá àti àádọ́ta sẹ́ǹtì ni fún wákàtí kan lọ́dún tó kọjá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí, ó ti di yúrò mẹ́rìnlá àti sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí pé ẹnì kan pẹ́ níbẹ̀ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Mọ́pẹ́ jókòó. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti fọwọ́ sí i, Ìdùnnú. Èmi ni mo tún ní kí àwọn tó kù fọwọ́ sí i."

"Pépà yẹn ò lágbára, Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù. Òfin ò gbà á."

"Tó bá wá ní kí n máa lọ ilé ńkọ́?"

"Kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ ní kó kọ iye tó ń san yín fún wákàtí kan sílẹ̀. Òfin fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti fèsì. Tí kò bá fèsì, tàbí tí owó náà ò pé, ẹ gba ọ̀dọ̀ WRC lọ. Àwọn ni ìjọba yàn láti máa yanjú ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn jókòó ti tíì, Mọ́pẹ́ dìde. Ojú ń tì í gan-an.

"Mo ṣì yín lọ́nà lánàá," ó ní. "Mi ò kà á, mo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú." Ó wá ṣàlàyé gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ.

Bísí ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ìdí tí ọwọ́ mi fi tutù nìyẹn o!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù kọ lẹ́tà tirẹ̀, Mọ́pẹ́ ló sì kó wọn lọ bá Gerry.

Gerry ka àkọ́kọ́, etí rẹ̀ pọ́n. Ó ka ìkejì, ó gbé fóònù, ó sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

"Ẹni tó ń bá wa ṣe ìṣirò owó ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ó ní. "Ó ti wò ó báyìí, ó ní àṣìṣe ni. Èmi náà ò wádìí, Mọ́pẹ́. Ẹ dárí jì mí."

"Èmi náà ò wádìí, Gerry. Àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi."

Gerry bá a padà sí yàrá tí wọ́n ti ń mu tíì, lójú gbogbo àwọn obìnrin náà ló ti fa àwọn pépà tí wọ́n fọwọ́ sí ya. Owó tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà pé, láti ọjọ́ kìíní ọdún.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ní Ireland, bí ọdún tuntun bá ti dé, ẹ wádìí iye tí òfin ní kí wọ́n máa san, torí ó máa ń yí padà. Ẹ wo ìwé owó oṣù yín dáadáa. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n fún yín. Owó ọjọ́ àìsàn àti owó tó tọ́ sí ẹni tí wọ́n dá dúró torí pé iṣẹ́ ò sí mọ́ náà ní ìlànà àti gbèdéke tiwọn, ẹ béèrè nípa wọn náà. Bí ohun kan ò bá yé yín, ẹ tètè lọ bá WRC, nítorí òfin fi àkókò sí ẹjọ́ mímú wá. Ẹ ka pépà kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ràn ló gbé e wá. Tí ẹ bá sì ti ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, ẹ yára padà lọ sọ òtítọ́ fún un.