Ògiri Ọkà Báálì

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á, kó fi í sílẹ̀. Ìyẹn ò ní kó má ti ṣẹlẹ̀.

Ní Wessex ni, nílẹ̀ àwọn Sásọ́nì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, níbi tí ààfin ọba wà rí. Ọba kó lọ síbòmíràn. Wọ́n hú àwọn òpó, wọ́n kó pákó lọ, àwọn àgbẹ̀ sì fi màlúù túlẹ̀ ibẹ̀. Ọkà báálì ni Dudda àti Wulfrun aya rẹ̀ ń gbìn síbẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀dá dá, ọkà kú lóko gbogbo ènìyàn. Eafe, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Bí Wulfrun bá gbé e, àfi bíi pé apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló gbé. Wulfrun gun òkè lọ wá ewé tí wọn yóò sè, ó sì bojú wo ìsàlẹ̀. Láàárín oko wọn tó ti gbẹ, ọkà kan dúró, ó tutù, ó yọmọ. Ó dúró ní ìlà gígùn, ó yí po bí ògiri ilé ńlá, ó sì fi àyè ẹnu ọ̀nà sílẹ̀.

"Ààfin nìyẹn," Ìyá Tidburh, ìyá Dudda, ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Wulfrun ròyìn rẹ̀ nílé. Ó ti gbé ìṣákọ́lẹ̀ débẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ìyá, ebi ń pa ọmọ," Wulfrun dá a lóhùn.

"Tó bá di túláàsì, ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹ fi irin sílẹ̀ níta, kẹ́ ẹ kí onílé. Wọn kì í fo ògiri ọba."

Dudda rẹ́rìn-ín. "Ọba wo? Èyí tó ti kó ẹrù ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó bí mi? Ìyá yìí náà! Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ kí koríko ni?"

Ọ̀sán gangan ni wọ́n lọ. Ẹyẹ kan ò ké. Wulfrun gba ẹnu ọ̀nà wọlé, apẹ̀rẹ̀ nìkan ló gbé. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, ojú ń tì í. Dudda fo ọkà náà wọlé, tòun ti dòjé lọ́wọ́. Ọkà náà ò ju orúnkún rẹ̀ lọ.

Afẹ́fẹ́ dúró. Ara Wulfrun tutù bí ẹni bọ́ sábẹ́ òrùlé. Èéfín igi ń rùn.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn?" Dudda bi í.

"Ilẹ̀kùn wo, Bàbá Eafe?"

Dudda ń fọwọ́ tẹ òfìfo tó wà lókè ọkà, bí ẹni ń wá ọ̀nà lára pákó. Wulfrun fà á lápá dé ẹnu ọ̀nà. Òun jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọkọ rẹ̀ wà nínú, nínú oòrùn, ó ń ké, ohùn rẹ̀ ò jáde.

Àwọn ará abúlé fà á tì. Àlùfáà gbàdúrà tì. Lọ́jọ́ kejì Dudda ti jókòó, ó kọjú sí ẹnì kan tí wọn ò rí, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀.

"Tí mo bá gé ògiri yìí ńkọ́?" Wulfrun bi ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ilé á lọ. Òun náà sì wà nínú ilé."

"Tí mi ò bá gé e?"

Ìyá Tidburh wo ọ̀nà ibi tí Eafe sùn sí. Ó bú sẹ́kún.

Ọwọ́ lásán ni Wulfrun fi já ọkà náà. Ó ń já a, ó ń sunkún. "Bàbá Eafe, dárí jì mí. Ọmọ rẹ ni." Nígbà tó fa ṣírí ìkẹyìn, ó gbójú sókè. Oko gbígbẹ ló rí. Kò sí dòjé, kò sí ènìyàn.

Eafe jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ọkà náà ṣe, ó dìde. Òjò padà rọ̀, ọkà bo ilẹ̀, ìlà kankan ò hàn mọ́. Látìgbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, gbogbo abúlé a kúnlẹ̀ pẹ̀lú àlùfáà láti tọrọ òjò. Wulfrun náà a kúnlẹ̀, ètè rẹ̀ a máa mì. Eafe tó ti bímọ tirẹ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń tọrọ. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí òjò rọ̀, kí ògiri ọkà náà lè tún hàn. Eafe rọra gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.