Ọ̀nà Ẹ̀bá Odò Kèrè

Kẹ̀kẹ́ ni Chantal kọ́kọ́ rí. Ó ń bọ̀ láàrin odò, ó ga ju omi lọ, táyà rẹ̀ méjèèjì ń yí jẹ́jẹ́ nínú afẹ́fẹ́, omi sì ń kán lára rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ó tó rí ọkùnrin tí ó gbé e lérí. Ọkùnrin náà ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó fi eyín di okùn bàtà rẹ̀ mú, ó sì ń gbìyànjú láti kọ orin Màríà láìla ẹnu.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Chantal kí ó tó mọ̀. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi rò pé kẹ̀kẹ́ ló máa ń gbé ènìyàn."

Ọkùnrin náà gòkè odò, ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó yọ bàtà lẹ́nu. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni, Madáàmù. Láti Ìdáàṣà ló ti ń gbé mi bọ̀. Ṣé kí n má ràn án lọ́wọ́ ni?"

"Ẹ ṣàánú rẹ̀ gan-an."

"Ẹ bá mi sọ fún un. Kò mọ oore."

Éloi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìdáàṣà ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún méjì ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó ti ń ká èso àjàrà lẹ́bàá odò kan. Kì í ṣe àjàrà náà ni ó gbà á lọ́kàn. Ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ nìkan. Mọ́tò kan kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Tọkọtaya, ìyá arúgbó, ẹni tí ó sanra, ẹni tí ó tín-ín-rín, gbogbo wọn a máa gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n á dúró wo pẹ́pẹ́yẹ lójú omi, wọ́n á tún máa lọ. Kò sí ẹni tí ó ń sáré. Nígbà tí ó padà sílé, ó wo ọ̀nà oko àtijọ́ tí ó ti ẹsẹ̀ òkè bọ́ sí etí odò Kèrè, ó sì rí i pé ohun tí òun fi sílẹ̀ lókè òkun wà nílé. Ó ṣán an, ó tún un ṣe. Ó kó kẹ̀kẹ́ méje jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí ó wá gbàdúrà ní Arigbo, ihò àpáta Màríà, gba ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Kùtọ̀nú tí etí wọn ń wá ìsinmi.

"Ẹ ò ní gùn ún wò?" ni ó bi Chantal.

Ojú Chantal yí padà. "Rárá. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn."

Sylvestre, ọkọ rẹ̀, kú lórí títì ọlọ́dà tí ó lọ sí Glazoué. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó gbá òun àti alùpùpù rẹ̀. Níwájú pósí ni Euphrasie, ìyá Sylvestre, ti búra pé ẹnikẹ́ni láti agbo ilé òun kò tún ní jókòó lórí ohun tí ó ní táyà mọ́. Àwọn ènìyàn ní ìbúra náà wúwo jù. Ó ní kò wúwo tó ohun tí òun gbé sin.

Chantal pa ìbúra náà mọ́. Wákàtí kan ni ó fi ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, wákàtí kan ni ó fi ń rìn bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá tirẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kò sì pẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ẹbí Sylvestre ń sọ pé kí opó padà sí ibi tí ó ti wá, Euphrasie ni ó ká ẹní Chantal, tí ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Ibi tí mo bá sùn ni ọmọ mi yóò sùn," ni ó wí. Láti ọjọ́ náà ni Chantal ti ń pè é ní Màámi, tí orúkọ náà sì ń ti inú rẹ̀ wá.

Éloi kò tún sọ fún un pé kí ó gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó dúró dè é létí odò, ó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lọ́wọ́, ó ń bá a fi ẹsẹ̀ rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ di oṣù.

"Kẹ̀kẹ́ yìí á bínú sí mi," ni Chantal wí.

"Ó ti ń jowú tipẹ́. Èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ nílé."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, tí kò sí ẹ̀kọ́, Chantal fúnra rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ariwo ẹ̀rọ kankan, àfi omi àti àdàbà. "Bá mi dì í mú," ni ó wí.

Ó jókòó lórí gàárì. Ó lọ díẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì bọ́ sínú oko gbágùúdá.

Éloi sáré dé. "Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ebè ni kí o bi. Èmi ni mo ṣubú lé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ó gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ. Odò wà lósì, àwọn àpáta ńlá wà lọ́tùn-ún bí àgbà tí ń wo ọmọ, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lójú. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì dùn ún níbì kankan.

Etí ìró rẹ̀ ni ó tú àṣírí rẹ̀. Màámi na aṣọ náà sí oòrùn, ó fi ìka pa àbàwọ́n dúdú kan.

"Òróró kí ni èyí? Odò kì í ní òróró."

Chantal kò purọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kẹ̀kẹ́, ọ̀nà, Éloi, àti ohun tí Éloi bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí òun kò tí ì dáhùn. "Màámi, mọ́tò kì í gba ibẹ̀."

"Táyà ni táyà. Ó ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi ìkejì kún un ni?" Ó ká aṣọ náà, ó sì wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, Chantal dúró níwájú Éloi, kò lè wò ó lójú. "Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá súre fún wa, mi ò lè bá ọ lọ. Mo ti sin ìyá kan. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi sọ èyí nù."

Éloi fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi. "Mi ò wá gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àyànfẹ́ mi. Màá dúró."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ìwọ olùkọ́ yìí, ìbéèrè rẹ pọ̀."

Òun àti Ignace, àbúrò bàbá rẹ̀, lọ tọrọ Chantal lọ́wọ́ Màámi. Ó fún wọn ní àga, ó fún wọn ní omi, kò sì fún wọn ní èsì. Àwọn èrò àdúrà oṣù Ògúsì dé, wọ́n sì lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, Chantal jí, kò bá Màámi lórí ẹní. Ọ̀pá rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹta yìí, Màámi wọlé pẹ̀lú ìrì dé orúnkún, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá.

Chantal gbé e wá. "Màámi, ṣé ẹ lọ bá Éloi jà ni?"

"Ta ni ó ń jà láìtí ì mu ẹ̀kọ?" Ó mu ún tán, ó nu ẹnu. "Sọ fún un kí ó lọ bá àlùfáà, kí wọ́n kéde yín. Ohun tí mo ní láti sọ, ibi tí wọ́n bá ti bèèrè ni n ó ti sọ ọ́."

Nígbà tí Éloi gbọ́, ó ya ẹnu. "Èmi ò rí i o! Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n fi ń kéde àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ní ti àkọ́kọ́, Màámi ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Ní ti èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ti ẹ̀kẹta, àlùfáà Narcisse ṣí ìwé.

"Éloi, ọmọ Ìdáàṣà, àti Chantal, opó Sylvestre, ọmọ àwọn òbí tí wọ́n ti lọ sinmi. Ẹni tí ó bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kí ó sọ ọ́."

Ọ̀pá kan kan ilẹ̀. Màámi dìde. Chantal di etí ìjókòó iwájú mú.

"Mon Père, mo ní ọ̀rọ̀."

"À ń gbọ́, Màmá."

"Mo jáde ní ìdájí kan láti lọ bú ọkùnrin yìí. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àpáta, mò ń to èébú mi jọ. Ẹsẹ̀ ni ó fi wá. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí ó sọ abẹ́rẹ́ nù. Òkúta tí ó bá rí, á ṣà á. Gbòǹgbò tí ó bá yọrí, á gé e. Ibi tí òjò bá wa, á dí i, á sì fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kúrò. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí ẹni tí ó ń wò ó. Ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán ọ̀nà wò kí táyà ẹnikẹ́ni tó kàn án." Ó yíjú sí pẹpẹ. "Èmi ni mo búra níwájú Ọlọ́run. Níwájú rẹ̀ náà ni mo tú u."

Éloi tẹrí ba.

"Ìyẹn nìkan kọ́ ni mo dìde fún," ni Màámi wí. "Àṣìṣe wà nínú ìwé yín."

"Àṣìṣe wo, Màmá?"

"Ẹ ní àwọn òbí rẹ̀ ti lọ sinmi. Èmi kò tí ì sinmi. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Ẹ̀rín sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin kan sì ń nu ojú. Chantal gba àárín ìjókòó kọjá, ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Màámi, ó fi orí ti itan rẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yìí tutù."

Àlùfáà wá bírò, ó kọ ọ́, ó sì tún un kà láti òkè: "Éloi, ọmọ Ìdáàṣà, àti Chantal, ọmọ Euphrasie ti Kèrè. Ẹni tí ó bá mọ ìdí kan, kí ó sọ ọ́."

Màámi di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yíjú wo ẹ̀yìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ẹni tí ó gbójú láti dìde, ó jókòó.