Omi Tí Ẹfúnwùmí Dà Nù

Oòrùn ti wà lókè téńté kí Ràsáàkì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi ọkọ́ sílẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna ni wọ́n wá ṣe lóko Baba Sàlàkọ́ ní Ìlerò, torí Àyọ̀ká, àkọ́bí Baba, ni Ràsáàkì fẹ́ fi ṣaya. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń kọ ebè bí ẹni tí wọ́n ní kó kọ gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn tán. Òógùn gbẹ mọ́ ọn lẹ́wù, iyọ̀ rẹ̀ funfun níbẹ̀. Ẹfúnwùmí, àbúrò Àyọ̀ká, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí kì í fojú kéré ọmọdé.

Àṣà kan wà lágboolé wọn tí wọn kì í fi ṣeré. Bí àna bá ti fi ọkọ́ sílẹ̀, ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbé igbá omi kan wá fún un, àna náà yóò lóṣòó, yóò sì mu ún tán. Igbá tó bá kọ̀, ẹni tó gbé e wá ló kọ̀ yẹn. Ìyàwó ilé sì pọ̀ jọjọ lágboolé Sàlàkọ́, opó wà níbẹ̀, ìyàwó ọ̀ṣìngín wà níbẹ̀. Ràsáàkì ń mu, wọ́n ń gbé òmíràn wá, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn ọkọ ìyàwó ti yọ ju ti aboyún lọ. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó bì. Àyọ̀ká bi í pé kí ló dé, Ràsáàkì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó ní níbo ni ọ̀nà Ìpapó, ìlú òun, wà.

Ìyá Olúkúnlé, ìyáálé ilé, ní oòrùn ló pa á, kí wọ́n tètè fún un lómi sí i. Ó gbé igbá tirẹ̀, tó kún dẹ́múdẹ́mú, lé Ẹfúnwùmí lọ́wọ́ pé kó gbé e sí i lẹ́nu. Ẹfúnwùmí gbà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ládòkun, olùkọ́ rẹ̀, ló sọ sí i lọ́kàn. Ní sáà yẹn, bí omi ṣe ń wọnú sẹ́ẹ̀lì tó sì ń jáde ni wọ́n ń ṣèwádìí nílé ìwé. Wọ́n gé iṣu pẹlẹbẹ, wọ́n rẹ ọ̀kan sínú omi lásán, wọ́n rẹ èkejì sínú omi iyọ̀. Ti omi iyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ti omi lásán wú, ó le gbagidi. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kí omi ya wọ̀ ọ́. Nínú oúnjẹ ni sẹ́ẹ̀lì náà ti ń rí agbára tó fi ń ti iyọ̀ jáde tọ̀sán-tòru kí omi má baà kún inú rẹ̀, agbára náà sì níbi tó mọ. Bí òógùn bá gbé iyọ̀ ara lọ, tí omi lásán wá pọ̀ lápọ̀jù, ọpọlọ á wú. Iṣu ráyè wú nínú abọ́. Ọpọlọ kò ráyè, torí eegun agbárí kì í fẹ̀.

Ẹfúnwùmí wo ẹ̀wù Ràsáàkì, ó sì wo àwọn igbá òfìfo tó wà nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má fún un lómi mọ́," ni ó wí. "Omi yìí gan-an ló ń ṣe é. Ọsíbítù ni ká gbé e lọ."

"Ọwọ́ mi yìí ni wọ́n bí ọ sí," ni Ìyá Olúkúnlé dáhùn. "Ìwọ lo wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí oòrùn pa? Gbé omi fún un."

Bó bá gbé omi náà fún Ràsáàkì, tí Ràsáàkì sì kú, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú. Ó yí igbá náà dà sórí ebè.

Wọn kì í da omi àna nù. Ìyá Olúkúnlé fọ́ ọ létí, àwọn obìnrin ní ìlara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣe, ó fẹ́ tú ìgbéyàwó náà ká. Èyí tó dùn ún jù ni pé Àyọ̀ká pàápàá ń fojú burúkú wò ó. Nígbà tí ẹnì kan tún bu omi mìíràn, Ẹfúnwùmí lọ dúró síwájú Ràsáàkì, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ lù mí títí ilẹ̀ ó fi ṣú, n ò ní kúrò níbí," ni ó wí. "Baba, bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, ẹ lé mi nílé."

Baba Sàlàkọ́ wo ọmọ rẹ̀, ó wo àna rẹ̀. "Ẹ gbé e lọ," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ omi ló nílò, wọn ó fún un lọ́hùn-ún."

Wọ́n fi í sáàárín lórí ọ̀kadà. Kí wọ́n tó dé ọsíbítù ní Ìsẹ́yìn, gìrì ti mú un. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé iyọ̀ inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì rọra fa omi iyọ̀ tó lágbára sí i lára títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Wọ́n sọ fún Baba pé ká ní wọ́n tún fún un lómi sí i ni, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé wá.

Ẹ ò ha ní rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Kò parí. Nígbà tí Ràsáàkì padà bọ̀ sípò, Ìyá Olúkúnlé pe ilé jọ. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n dà nù, wọ́n ti dà á nù, àfi kí Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ kó sọ pé òun ṣìwà hù. Àyọ̀ká, tí kò lè wo àbúrò rẹ̀ lójú mọ́, sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó ṣáà sọ ọ́, kí ilé rójú.

Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá, pé mo dójú tì yín láàárín àwọn èèyàn," ni ó wí. "Ìyá mi ni yín, mo kúnlẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n n ò ní sọ pé mo ṣì í ṣe. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún dà á nù."

Àwọn kan kùn. Ìyá Olúkúnlé pè é ní olórí kunkun, ó sì ní kó dìde. Baba ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣu àti ọbẹ̀ oníyọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún àna lágboolé náà, ìwọ̀nba omi tí òùngbẹ rẹ̀ bá sì gbà ni yóò mu.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n níjọ́ tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ewu, tí ẹ sì mọ òtítọ́, ẹ má tìtorí ọ̀wọ̀ pa á mọ́ra. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, kò sàn ju ẹni tí kò mọ̀ lọ.