Ṣáwà Tó Gbé Owó Wúrà Mì

Funfun báláú ni orí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Ọṣẹ ló kún orí Labib. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré jáde ní balùwẹ̀, ó ki ọrùn bọ jàlàbíà, ó ṣílẹ̀kùn. Ti ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ẹ̀rún sìmẹ́ńtì láti àjà ilé wọn ló já lé ìborí rẹ̀, tó sì ta sí i ní ìpéǹpéjú.

"Ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ lé wa lórí?"

"Orí ara mi ni mo rò pé mò ń wẹ̀."

"Ó ti dé orí tèmi. Ẹ wò ó!"

Inú ń bí i lóòótọ́. Àmọ́ ọṣẹ ṣàn wọ Labib lójú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ẹsẹ̀ kan, bí ẹ̀rín ṣe bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà nìyẹn.

Iṣẹ́ awò ojú ni Labib ń ṣe ní àárín ìlú Amman, òun àti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó ló sì ń gbé lókè yẹn. Suhad lorúkọ ọmọbìnrin náà, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ni, àwọn ẹbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ìsàlẹ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ omi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lomi máa ń dé Aṣrafíyà, àdúgbò wọn, tá á gòkè lọ kún táǹkì oníkálùkù lórí òrùlé. Tó bá ti dé, gbogbo ilé á fọṣọ, wọ́n á fọ ilẹ̀, wọ́n á wẹ̀ bíi pé ọdún dé. Bí àjà bá wá jò lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń wẹ̀, ta ni kò ní sọ pé ṣáwà ni?

Ní Ìṣẹ́gun kejì, ó tún jò. Suhad tún gòkè. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, "ẹ" ti kúrò lẹ́nu wọn.

"Labib, báwo lara ẹ ṣe pọ̀ tó tí o fi ń wẹ̀ báyìí?"

"Bí mi ò bá wẹ̀, o ò ní gòkè wá."

Suhad yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àtẹ̀gùn tán. Labib dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ̀ pé òun ti kó sínú ìfẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú owó wúrà ìyàwó, èyí tí ọkọ gbọ́dọ̀ kó wá tọrọ ọmọ níbẹ̀, láìmọ ọrùn tó máa wà. Ní báyìí, ó ti mọ ọrùn náà.

Bàbá Suhad, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Nayif, gòkè wá fúnra rẹ̀. Ìyá Labib gbé kọfí fún un. Ó gba ife, ó gbé e kalẹ̀, kò fẹnu kàn án. Àlejò tó bá gbé kọfí kalẹ̀ báyẹn ní ohun tó wá tọrọ, bí wọn ò bá sì fún un, kò ní mu ún, ìjà dé nìyẹn.

"Ṣáwà yín yìí," Bàbá Nayif ní, "mo fẹ́ kẹ́ ẹ hú u tìdítìdí, kẹ́ ẹ ṣe òmíràn."

Ìyá Labib ṣẹ́jú sí ọmọ rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ọmọ ò wo ibẹ̀.

"Ẹ mu kọfí yín, Bàbá. Ó ti di ṣíṣe."

Ẹni tórí rẹ̀ pé á kọ́kọ́ béèrè iye tó máa ná òun. Ṣùgbọ́n bàbá Suhad ló jókòó níwájú rẹ̀, ibo ló ti máa rí orí pípé?

Lọ́jọ́ kejì, oníṣẹ́ omi ẹ̀rọ dé, ó fi òòlù kan ilẹ̀, ó mi orí. "A máa fọ́ gbogbo ẹ̀. Páìpù, ọ̀dà tí kì í jẹ́ kómi wọlẹ̀, táìlì, ẹ̀rọ, owó iṣẹ́. Ẹgbẹ̀rin dínárì. Nítorí màmá yín ni mo ṣe dín in kù."

Owó wúrà Labib ò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"O fẹ́ da wúrà ìyàwó sínú ihò omi!" ni ìyá rẹ̀ pariwo.

"Màámi, wọ́n ti mu kọfí náà."

Ìyá rẹ̀ jókòó, ó káwọ́ lérí.

Suhad dá a dúró lórí àtẹ̀gùn. "O ò tiẹ̀ béèrè iye ẹ̀ kó o tó la ẹnu?"

"Ife wà níwájú bàbá ẹ."

"Ọkùnrin kan ń ti Kuwait bọ̀ wá tọrọ mi lópin oṣù. Wọ́n ní wúrà tó máa kó wá á bò mí lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

"Ìwọ ni mo fẹ́, aláìgbọ́n! Ṣùgbọ́n bàbá mi á fẹ́ rí nǹkan." Ó sá wọlé.

Wọ́n ṣe ṣáwà tuntun, ó dùn ún wò. Oníṣẹ́ ní kẹ́nikẹ́ni má fomi kàn án títí sìmẹ́ńtì fi máa gbẹ. Ọjọ́ omi dé, àfi gbàù tí Suhad gbá ilẹ̀kùn.

"O tún wẹ̀! Ó tún ti ń jò!"

"Ilé àbúrò màámi la ti ń wẹ̀ látọjọ́ yìí. Wá wò ó."

Balùwẹ̀ gbẹ táútáú, páálí tí oníṣẹ́ tẹ́ sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Kò sẹ́ni tó wẹ̀," Suhad ní jẹ́jẹ́. "Kí ló wá dé lónìí tí kì í dé lọ́jọ́ mìíràn?"

"Omi táǹkì."

Wọ́n sáré gun òrùlé. Páìpù tó ń gbé omi lọ sínú táǹkì Bàbá Nayif ti dípẹtà létí ògiri, omi ń tú síbi tí ògiri ti là, ó ń gba inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé wọn. Suhad ti ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu páìpù náà. Labib sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àjà wọn, jíjò ti dá.

Nígbà tó padà, Suhad ti jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bojú. "Páìpù wa ni. O ti ná owó ìyàwó ẹ tán, páìpù wa sì ni!"

Labib ra páìpù kékeré kan, owó rẹ̀ ò ju ti fàláfẹ́lì, àkàrà ibẹ̀, tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀ lọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́.

"Mò ń lọ sọ fún bàbá mi."

"Jọ̀ọ́, má sọ. Tí wọ́n bá gbọ́, ìtìjú ni wọ́n máa fi fà ẹ́ lé mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ gbà ẹ́ lọ́wọ́ ìtìjú."

"Olóríkunkun."

"Tìẹ ni."

Kí ará Kuwait tó dé, Labib àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wọṣọ tó dáa, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ tọrọ ìyàwó. Wọ́n gbé kọfí wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá gba ife, ó gbé e kalẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Labib gbé òrùka kan ṣoṣo jáde.

Bàbá Nayif wo òrùka náà. "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Labib, ó gbé e mì. "Gbogbo ẹ̀ nìyí, Bàbá."

"Mo gun òrùlé lánàá," ni bàbá náà sọ níkẹyìn. "Mo bá páìpù tuntun lára páìpù mi. Mi ò fọ́jú. Ta ló fi síbẹ̀?"

Labib wolẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"Gbogbo ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yìí ni mo ti lọ ro ẹjọ́ ẹ pé ò ń ba ilé mi jẹ́. Ò bá ti dójú tì mí. O bò mí láṣìírí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọkùnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ọkàn mi balẹ̀ pé ọmọ mi ò ní jìyà nílé ẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú ni mo fi ń fún ẹ o, ó wù mí ni. Wúrà tó kù wà lára ògiri balùwẹ̀ yín, ibẹ̀ náà lọmọ mi á ti máa lò ó. Ẹ mu kọfí yín."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Suhad ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún ayọ̀, lẹ́yìn náà ni ìyá Labib tó ń tẹ́tí láti òkè ké igbe ìdùnnú tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

Ní Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, Bàbá Nayif àti ọkọ ọmọ rẹ̀ jókòó nísàlẹ̀, wọ́n gbójú sókè, ife wà lọ́wọ́ wọn. Suhad ti ṣí ṣáwà sílẹ̀, ariwo omi ń sọ lókè, ó ń sọ ṣáá.

"Ṣé ó ń jò?" ni Suhad pariwo láti orí àtẹ̀gùn.

"Ó gbẹ táútáú!" ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Ó wo Labib tó ṣì ń wo àjà láìmí. "Mu kọfí ẹ, ọmọ mi," ló wí.

Labib mí kanlẹ̀, ó sì mu ún.