Ajá Ọgbà Pákó

Úthmàn gbé bókẹ́ẹ̀tì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì pákó, ó da iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó sì rò ó títí iyọ̀ fi yòrò. Ó ta omi náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀ wò, bí ìyá ọmọ tuntun ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ ti ajá tó sùn gbalaja lábẹ́ òjìji páànù, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé irun tó yí egbò ìhà rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ ibẹ̀.

Báyìí ni Sàbírátù ṣe kọ́kọ́ rí i. Ó ti Adum wá sí Anloga Junction ní Kumasi pé kí wọ́n bá òun kan pẹpẹ ìkójà fún ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ariwo ayùn gba gbogbo àdúgbò, ìyẹ̀fun igi ń fò bí èéfín, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń ṣe jẹ́jẹ́. Ó rẹ aṣọ funfun sínú omi iyọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, kò fi ra á. Ó tún fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ títí ibẹ̀ fi gbẹ.

Ọmọ Àlùfáà ni Sàbírátù. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa yà fún ajá. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbéra.

“Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n bá nípa pẹpẹ ìkójà?”

“Èmi ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sórí pákó yẹn. Bí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, á lá gbogbo rẹ̀ tán.”

“Ajá ló ṣáájú mi, àbí?”

“Òun ló kọ́kọ́ dé. Ẹ tò sẹ́yìn rẹ̀.”

Ó mú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan tó ti gé ìdí rẹ̀ kúrò, ó fi bọ ajá náà lọ́rùn kó má bàa lè fi ẹnu kan egbò. Ajá náà gbójú sókè nínú bókẹ́ẹ̀tì, ó wo àwọn méjèèjì tìyanu-tìyanu.

“Ó jọ ẹni tó ń múra ìgbéyàwó,” ni Sàbírátù wí.

“Bó ṣe ń lọ yìí, òun ló máa ṣáájú mi níbẹ̀ náà.”

Sàbírátù rẹ́rìn-ín, ó sì bo ẹnu.

Pẹpẹ ìkójà kan ò gba kí èèyàn wá wọn ojú ìwọ̀n rẹ̀ tó bí Sàbírátù ṣe wá wọ̀n ọ́n. Ní wíwá rẹ̀ ló gbọ́ pé Kumasi ni wọ́n bí Úthmàn sí, àti pé láti Ọ̀yọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ó gbọ́ nípa àgbà káfíńtà ará Ashanti tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti kú báyìí, tó sì jẹ́ pé òun ló sọ ajá náà ní Boafo, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ ní èdè Twi. Boafo ló ń ṣọ́ ọgbà pákó. Láti ìgbà tí ọ̀gá ti kú, kò tíì sí pákó kan tó sọnù níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kan pẹpẹ náà sí Adum tán, Úthmàn ò wá àwáwí mọ́. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn èèyàn òun wá rí bàbá rẹ̀. Sàbírátù ń to òwú pupa sórí pẹpẹ tuntun nígbà náà. Ó ní kí wọ́n wá.

Àlùfáà Bákàrè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nílé rẹ̀ ní Bantama, kò lòdì sí káfíńtà. Ọ̀rọ̀ ajá ni kò dùn mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ẹ̀sìn gba ajá tó ń ṣọ́ dúkìá láàyè. Ẹnu àdúgbò ló ń bà á lẹ́rù, pé wọ́n á máa sọ pé ọwọ́ tó ń wẹ ajá ni Àlùfáà fi ọmọ rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì gbà kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Lọ́jọ́ náà, Suleman tó ń bá Úthmàn ṣiṣẹ́ rò pé òun fẹ́ ran ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí i tí ajá ń yún ara, tí egbò kan ń san tí òmíràn ń yọ. Lójú káfíńtà, ohun tó bá ń jẹ ara igi, oògùn ikán ló ń lé e. Nígbà tí Úthmàn lọ kírun, Suleman mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fi oògùn ikán kun ìhà ajá láti apá dé itan, bí ẹni ń kun férémù ilẹ̀kùn.

Igbe Boafo ni Úthmàn gbọ́ lọ́nà àbọ̀. Ó pe dókítà ẹran lórí fóònù. Dókítà ní kó fi ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ títí òórùn oògùn náà á fi kúrò, kó má jẹ́ kó lá ara rẹ̀, bó bá sì bì, kó gbé e wá kíákíá. Úthmàn bọ́ agbádá tuntun, ó fi kọ́ ìṣó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Suleman ń pọn omi, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò lè gbójú sókè.

Ní Bantama, àwọn èèyàn Úthmàn ti jókòó. Wọ́n ti kíra tán, wọ́n ti ṣàdúà, ọkọ ìyàwó ò dé. Nígbà tí Àlùfáà béèrè níbi tó wà, Bàbá Abọ́dẹrìn, ẹ̀gbọ́n bàbá Úthmàn, tẹ orí ba. Kò mọ irọ́ ọ́ pa. Ó ní Úthmàn pè, pé òun ń wẹ ajá.

Àlùfáà dìde.

“Ẹ bá mi kí i,” ló wí. “Ẹ ní kó máa bá ajá rẹ̀ gbé.”

Kí oòrùn tó wọ̀, Sàbírátù ti dé ọgbà pákó. Ó ti sunkún lọ́nà, ojú rẹ̀ ti gbẹ.

“O dójú tì mí,” ló sọ fún Úthmàn. “O ò lè fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan péré?”

Úthmàn ṣí aṣọ tútù tó tẹ́ lé ìhà ajá. Awọ ibẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

“Ó ń jó o, Sàbírátù. Mi ò mọ bí mo ṣe lè wọ agbádá, kí n jókòó síwájú bàbá rẹ, kí n máa rẹ́rìn-ín.”

Sàbírátù wo awọ náà títí. Ó jókòó sórí pákó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Bùọ̀dá Úthmàn, kí ló dé tó jẹ́ pé ibi tó fi ń kan ilẹ̀ nìkan ni egbò máa ń wà? Kò sí lórí, kò sí lẹ́yìn.”

“Mo ti wá eégbọn títí, mi ò rí ẹyọ kan.”

“Kí ló ń sùn lé?”

Ìyẹ̀fun igi ló ń sùn lé. Níbi tí ayùn ti ń la igi pupa ni ìyẹ̀fun ti máa ń jọ gègèrè, ó rọ̀, ó sì móoru, Boafo ò sì mọ ibùsùn mìíràn. Sàbírátù fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fi ayùn gé etí pẹpẹ náà ní ṣọ́ọ̀bù òun, ọrùn àti apá òun yún òun títí òun fi wẹ̀. Igi pupa kan náà ni.

Wọ́n gbá ìyẹ̀fun náà kúrò. Sàbírátù wá àwọn àpò ìrẹsì tó ti fọ̀, wọ́n sì tẹ́ wọn síbi tí atẹ́gùn kì í ti gbé ìyẹ̀fun dé. Úthmàn ò yí ohun mìíràn padà, kó lè dá a lójú pé ibùsùn ló fà á. Omi iyọ̀ náà ni, aṣọ gbígbẹ náà ni, bókẹ́ẹ̀tì ọrùn náà ni. Díẹ̀díẹ̀ ni pípọ́n náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Awọ tó ti bó gbẹ, ó sì ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Egbò tuntun kankan ò yọ mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn Yaseer, tó ń ta fóònù ní Adum, ti wá tọrọ Sàbírátù. Ìyá rẹ̀ bẹ bàbá títí, Àlùfáà fi wá ránṣẹ́ sí Úthmàn pé bí ajá náà bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù tuntun tó lé, òun á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí kò bá kúrò, Yaseer lòun máa dá lóhùn.

Adwoa tó ń ta ìrẹsì ẹlẹ́wà tí wọ́n ń pè ní wáákyé lẹ́nu ọgbà ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń sin adìyẹ yóò gba ajá náà, bí ara rẹ̀ bá yá. Kò fẹ́ ajá elégbò. Suleman ní kí Úthmàn kàn fún un bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Adwoa lọ tọ́jú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Úthmàn kọ̀. Ó ránṣẹ́ padà sí Àlùfáà pé òun gbà, òun á fi ajá náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní lé e kí ara rẹ̀ tó yá, bí oṣù tilẹ̀ lé lọ́la. Nígbà tí Sàbírátù gbọ́, ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀, kò sọ fún un pé kó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Oṣù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé nígbà tí irun bo ìhà Boafo. Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ, Àlùfáà fúnra rẹ̀ wá lẹ́yìn ìrun alásárì, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Úthmàn kúnlẹ̀ kí i. Ó ti so okùn mọ́ ajá náà lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Sàbírátù dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

Àlùfáà fi orí ọ̀pá la irun ìhà ajá wò. Awọ ibẹ̀ mọ́, ó sì dán.

“Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ èyí?”

“Mo ń wò ó ni, Bàbá. Ọmọ yín ló rí ohun tó fà á.”

Àlùfáà bojú wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo gbogbo pákó tó wà nínú ọgbà.

“Tó bá lọ, ta ni yóò máa ṣọ́ ibí?”

“Yóò ṣòro díẹ̀, Bàbá.”

Àlùfáà yíjú padà sí Úthmàn.

“Àwọn tó ń wá tọrọ ọmọ mi, ohun tí wọ́n ní ni wọ́n fi ń hàn mí. Ìwọ fi ohun tí o ò lè pa tì hàn mí. Inú bí mi sí i. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ṣe ọmọ mi lọ́la, irú ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ kó wà lára rẹ̀.” Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí okùn náà. “Tú u. Kó máa ṣọ́ ọgbà rẹ. Kó má ṣáà wọ inú ilé tí ẹ ó ti máa kírun. Kí àwọn èèyàn rẹ padà wá, kí ìwọ náà sì bá wọn wá.”

“Màá wá, Bàbá,” ni Úthmàn wí. Ó tú okùn náà.

Àwọn èèyàn Úthmàn padà lọ sí Bantama, òun ló sì kọ́kọ́ wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi so yìgì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Suleman ló sì ru àwọn ẹrù ìyàwó.

Ní ọjọ́ kejì yìgì, tọkọtaya náà jọ yà sí ọgbà pákó. Boafo jáde wá, ó dùbúlẹ̀ síwájú wọn, kò yún ara.

“Níbo gan-an ni egbò yẹn wà?” ni Sàbírátù béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Úthmàn bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka la irun níhìn-ín, ó là á lọ́hùn-ún. Ó wá a títí. Òun tó tọ́jú rẹ̀ kò rí ojú ibẹ̀ mọ́.